Alángbá Kọ́ Ló Gbé Eyín Ọmọ Yín Lọ

Ẹ̀yin òbí tó wà ní Òṣogbo, ní Iléṣà àti káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọ̀rọ̀ eyín ọmọ yín ni mo bá wá, mi ò sì ní fi bọpo bọyọ̀.

Gbogbo wa la mọ àṣà náà. Bí eyín ọmọdé bá ká, yóò kó o mọ́ òkúta wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, yóò jù ú sórí òrùlé, àwọn àgbà á sì máa kìlọ̀ pé kí alángbá má rí i o, torí bí alángbá bá rí i, òmíràn ò ní hù mọ́. Eré ọmọdé nìyẹn, mi ò bá a jà. Ẹ̀bi tí à ń dì ru ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ ni mò ń bá jà. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá la ẹnu, àlàfo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín iwájú rẹ̀, wọ́n ní: “Ìwọ lo jẹ́ kí alángbá rí i.” Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ló fi ń bo ẹnu kó tó rẹ́rìn-ín.

Ta ló ni orí òrùlé tí à ń ju eyín sí gan-an? Ṣebí alángbá ni! Ẹ wo páànù Òkè-Fìà ní Òṣogbo, ẹ wo ògiri tó yí ọjà Àtàkúnmọ́sà ká ní Iléṣà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yáàrùn. Bí ojú alángbá bá ń pa eyín, gbogbo wa ni ì bá ti di akáyín. Ọmọ tó sì gbé eyín tirẹ̀ mì mọ́ iyán ńkọ́? Òmíràn hù fún un.

Eyín àgbà kì í dúró kí eyín ọmọdé ká kó tó bẹ̀rẹ̀. Àtinú oyún ni àwọn eyín àgbà iwájú ti ń dìde nínú egungun àgbọ̀n. Èyí tó tẹ̀ lé méjì àárín lókè ti ń le bí ọmọ bá fi máa pé ọdún kan, bẹ́ẹ̀ ọmọ á tó bí ọdún mẹ́fà kí eyín rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ọjọ́ tí ẹ ju eyín sókè, ọ̀rọ̀ ti parí tipẹ́: bóyá òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀, bóyá kò sì sí rárá.

Èyí tí kò sí, àbímọ́ni ni, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Ní 1996 àwọn onímọ̀ rí apilẹ̀ àbùdá kan tó ń fà á, MSX1. Ní 2000 wọ́n tún rí PAX9. Ní Yúróòpù, níbi tí alángbá wa ò sí lórí òrùlé, bí ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú 100 ni eyín àgbà kan ó kéré tán kò hù fún, láìka àwọn tó kángun sẹ́yìn pátápátá. Nígbà mìíràn, nínú eyín ẹ̀gbẹ́, ìyẹn àwọn tó tẹ̀ lé méjì àárín lókè, ti ọ̀tún kì í sí, ti òsì á hù ṣóńṣó. Ìyá lè ní ṣóńṣó, kí ọmọ má ní rárá. Títóbi eyín pàápàá, ìran ló ń pín in: ní 1996, oníṣègùn eyín méjì, Otuyemi ti Ifẹ̀ àti Noar ti London, wọn eyín àwọn ọmọ Nàìjíríà mọ́ ti àwọn ará Bìrìtìkó, tiwa ló fẹ̀ jù.

Èjí tí à ń yìn lẹ́nu arẹwà ńkọ́? Eyín ẹ̀gbẹ́ tó kéré tàbí tí kò hù wà lára ohun tó ń fà á. Àlàfo tó bọ́ sáàárín, a sọ ọ́ di ẹwà. Èyí tó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, a fi ń bú ọmọ.

Ibi tó ń dùn mí jù rèé. Ọmọ ti tó ọdún mẹ́rìnlá, eyín ọmọdé kan ṣì dúró digbí, ẹnìkan á so òwú mọ́ ọn, á fà á yọ kí tuntun lè ráyè. Tuntun wo? Bí kò bá sí eyín àgbà lábẹ́ rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀, ó sì lè bá ẹni náà dé ogójì ọdún. Ọwọ́ yín lẹ fi dá àlàfo náà sílẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, eyín àgbà wà nínú egungun, ó kàn dùbúlẹ̀ ni, dókítà sì lè fà á wálẹ̀.

X-ray ló ń fi èyí hàn. Ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà wà lábẹ́ OAUTHC, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ilé ìtọ́jú eyín ńlá OAUTHC sì wà ní Ilé-Ifẹ̀, kò jìnnà. Wọ́n lè mọ eyín ṣóńṣó kó gún régé, wọ́n lè fi wáyà fa eyín jọ, wọ́n sì lè fi àtọwọ́dá dí àlàfo. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan eyín tó kọ̀ tí kò ká, ẹ bi dókítà pé: “Ṣé òmíràn wà lábẹ́ èyí?”