Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Kọ́ Bí A Ti Ń Pàṣẹ fún Kọ̀ǹpútà

Kò sí àní-àní pé inú òbí a máa dùn nígbà tí ó bá rí ọmọ rẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n a fẹ́ béèrè pé: kí ni ọmọ náà ń ṣe nídìí rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé àwòrán tí ẹlòmíràn yà sójú ẹ̀rọ nìkan ni ó mọ̀ ọ́n tẹ̀, ayálégbé ni, kì í ṣe onílé. Ọjọ́ tí àwòrán náà kò bá dáhùn, ojú ẹlòmíràn ni yóò máa wò.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a fi kọ́ ọmọ. Èkínní ni ètò tí ń ṣe àkóso kọ̀ǹpútà: bí ó ti ń tọ́jú fáìlì, àti bí ó ti ń mọ ẹni tí ó láṣẹ láti kà á tàbí láti yí i padà. Èkejì ni kíkọ àṣẹ: dípò kí akọ̀wé máa yí orúkọ fáìlì 400 padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlà àṣẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó láti ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìtọ́jú: ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ó le, ẹ̀dà ìpamọ́, àti àyẹ̀wò ẹ̀dà náà.

Àwọn kan yóò wí pé owó dà? Ní 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Helsinki, gbé Linux jáde. A lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí a ṣí inú rẹ̀ wò, kí a sì pín in fún ẹlòmíràn. Òun ni ìpìlẹ̀ fóònù Android tí ó wà lápò ọ̀pọ̀ nínú wa. Síbẹ̀, irú rẹ̀ wà tí ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ògbólógbòó kọ̀ǹpútà.

Àwa kò wí pé kò léwu. Àṣẹ tí a fi ń pa fáìlì rẹ́ kì í sábà béèrè bóyá ó dá wa lójú. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2017, òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ GitLab pa àkójọ ìsọfúnni rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe èyí tí ó ní lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n wá ẹ̀dà ìpamọ́, púpọ̀ nínú ọ̀nà tí wọ́n gbójú lé ni kò ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ nǹkan bí wákàtí mẹ́fà sì ṣègbé. Ẹni tí a bá fi idà lé lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a fún un ní àkọ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí àwọn aṣojú yín bá fi ìlù àti ayẹyẹ gbé kọ̀ǹpútà wá sí ilé-ẹ̀kọ́, ẹ bi wọ́n léèrè: ta ni yóò fi kọ́ àwọn ọmọ? Ta ni yóò tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ayẹyẹ bá tán? Olùkọ́ ni kí ìjọba kọ́kọ́ kọ́, kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ. Ẹ̀yin olùkọ́ pẹ̀lú, ẹ má dúró de ìjọba: ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó láti bẹ̀rẹ̀.