Ta Ni Ó Jẹ́rìí sí Bíríkìlà Tí Ó Ń Kọ́ Ilé Wa?

Ẹ̀yin ará Ọ̀ffà, àti gbogbo ọmọ Yorùbá, àwọn àgbà ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí a ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí wó lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 40. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2024, ilé-ẹ̀kọ́ kan wó ní Jos, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ 22 sì kú. Bí irú ibi báyìí bá ṣẹlẹ̀, a óò bú ẹnjiníà, a óò bú ìjọba. A kì í bèèrè pé: ta ni ó jẹ́rìí sí ọwọ́ tí ó po sìmẹ́ǹtì náà?

Òfin ọdún 1970 ni ó dá ìgbìmọ̀ COREN sílẹ̀, kí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ má baà pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: púpọ̀ nínú wa kọ́ ilé láìfi ojú kan ẹnjiníà rárá. Bíríkìlà ni ẹnjiníà wa. Òun ni ó ń pinnu iye búlọ́ọ̀kù tí a óò rí nínú àpò sìmẹ́ǹtì kan, bí irin yóò ti nípọn tó, àti iye ọjọ́ tí dẹ́kìn yóò lò kí a tó yọ pákó lábẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ti wí pé bíríkìlà ni òun, a ti kó owó lé e lọ́wọ́.

Láyé àtijọ́, ọmọ iṣẹ́ a sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ọ̀gá tó yọ̀ǹda rẹ̀ níṣojú àwọn òbí àti ẹgbẹ́. Bí ògiri rẹ̀ bá wọ́, orúkọ ọ̀gá ni ó bàjẹ́. Ìfọwọ́sí gidi nìyẹn, ẹ̀rí rẹ̀ sì lágbára. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ kò ní sùúrù mọ́, ẹgbẹ́ kò sì ní agbára láti dá wọn dúró.

Àwọn kan yóò wí pé ìwé kì í to búlọ́ọ̀kù. Bẹ́ẹ̀ ni, a sì mọ̀ pé a lè fi owó ra ìwé. Ọwọ́ tí a ti dán wò ni àwa ń bèèrè. Ní Jámánì, láti ìgbà òfin ọdún 1953, bíríkìlà gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò ọ̀gá kí ó tó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò tí ó múlé tì wá, ìjọba ń dán ọmọ iṣẹ́ wò, ó sì ń fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹnu yà wá pé àwọn tí ń kọ́ ilé ńlá ní Èkó ń wá ọmọ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò kiri? A kò bínú sí àwọn ará wa wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Òfin kò wọ́n wa. Láti ọdún 1992 ni òfin COREN ti ní àyè fún oníṣẹ́ ọwọ́. Ní ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́, ó sì fi í sábẹ́ ìgbìmọ̀ NBTE ní Kàdúná, kí a lè dán ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá wò láìjẹ́ pé ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́.

Nítorí náà, kí Pọlitẹ́kíníìkì Ìjọba Àpapọ̀ tí ó ti wà ní Ọ̀ffà láti ọdún 1992, ẹgbẹ́ àwọn bíríkìlà, àti ìjọba ìbílẹ̀ jókòó pọ̀. Kí a ṣe ìdánwò náà níbi iṣẹ́, ní èdè Yorùbá, kí àwọn ọ̀gá àgbà wà lára àwọn adánniwò, kí owó rẹ̀ má sì ni mẹ̀kúnnù lára. Kí a lẹ orúkọ àwọn tí ó yege mọ́ ògiri ìjọba ìbílẹ̀, kí opó tí ó fẹ́ kọ́ yàrá méjì lè mọ ẹni tí yóò pè. Ẹni tí ó bá sì fi sìmẹ́ǹtì ṣe èrú, kí a pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Ní ọdún 1943, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣe àkóso, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Ọ̀ffà dá Offa Grammar School sílẹ̀. Wọn kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ìlú tí ó lè kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún ara rẹ̀ nígbà náà kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà tí òkú bá sùn kí ó tó bèèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ́ ilé rẹ̀.