Olùdánwò Tí A Fi Owó Rà Kò Mọ Ọjà Ìbèsè

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ áàpù fóònù kò kà sí ọ̀ràn, bẹ́ẹ̀ ọ̀ràn ni. Bí ènìyàn bá kọ áàpù tán, ó ní láti wá àwọn tí yóò kọ́kọ́ lò ó, kí wọ́n lè tú àṣìṣe inú rẹ̀ síta kí gbogbo ayé tó rí i. Ọ̀nà wo ni yóò gbé e gbà dé ọwọ́ wọn? Àwọn kan á jù ú sórí WhatsApp. Àwọn kan á ní àfi iPhone. Àwọn ẹ̀yà kẹta ni ìjà mi wà pẹ̀lú wọn jù lọ: àwọn tó ń fi owó ra olùdánwò lọ́wọ́ àjèjì tí kò mọ Ìlaròó yàtọ̀ sí Ìlọrin.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ọjà yìí ti ṣẹ̀. Google ló fi òfin kan lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣí àkáǹtì aládàáni lẹ́yìn ọjọ́ 13, oṣù kọkànlá, ọdún 2023, kò ní lè gbé áàpù rẹ̀ sí gbangba Play Store àfi bí ènìyàn 20 bá ti wà nínú ìdánwò rẹ̀ fún ọjọ́ 14 gbáko láìjá. Igbe pọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024 wọ́n dín 20 kù sí 12, ṣùgbọ́n ọjọ́ 14 kò yí padà. Kò pẹ́ náà ni àwọn oníṣòwò dìde lórí íntánẹ́ẹ̀tì: olùdánwò 12, ọjọ́ 14, iye báyìí. Àwọn mìíràn kì í gba kọ́bọ̀. Wọ́n ní àáró ni àwọn ń ṣe, dán tèmi wò kí n dán tìrẹ wò. Wọ́n ba orúkọ àáró jẹ́. Ẹni tó bá bá ọ ṣe àáró lóko mọ ohun tí ebè ń jẹ́, ó sì máa ń sọ fún ọ bí ilẹ̀ rẹ bá ṣá. Àwọn wọ̀nyí á tẹ áàpù náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á pa á dé, wọ́n á kọ ọ́ pé ó dára.

Mo gbà pé òfin náà ni ọmọ tálákà lára. Ẹni tó bá fi orúkọ ilé-iṣẹ́ ṣí àkáǹtì kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó ń dá jìjàkadì nínú yàrá kan ní Ayétòrò ni ẹrù náà gùn lórí. Dátà tí ènìyàn 12 yóò fi máa lo áàpù kò sì rọrùn mọ́ láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC ti fọwọ́ sí àfikún owó tó lè dé ìdá 50 nínú 100. Kí Google gbọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìnira òfin kò sọ ẹ̀tàn di ẹ̀tọ́. Nígbà tí ọjọ́ 14 bá sì pé, Google yóò bi oníáàpù náà léèrè bí ó ṣe rí àwọn olùdánwò rẹ̀ àti ohun tí wọ́n sọ fún un. Ẹni tó ra wọn á wá jókòó, á máa hun irọ́.

Irọ́ náà kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tí a pàdánù ló dùn mí. Ẹ jẹ́ kí a mú un pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Federal Polytechnic Ìlaròó kọ áàpù tí yóò máa sọ iye tí gàrí ń lọ ní Ìbèsè, ní Ayétòrò àti ní Ìlaròó. Ó fi kílò ṣe òṣùwọ̀n, nítorí kílò ni ìwé kọ́ ọ. Àjèjì tó gba owó yóò rí kílò, kò ní wí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan tó ń ta gàrí ní Ìbèsè bá ṣí i, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé: kóńgò dà? Yóò tún sọ pé òun kò rí ohun tí wọ́n kọ bí òun bá wà nínú oòrùn, pé fóònù òun ti kún fún àwòrán àwọn ọmọ-ọmọ òun, kò gba nǹkan tó wúwo mọ́. Oníbàárà rẹ̀ tó bá wá láti ìhà Kétu ní ilẹ̀ Benin yóò fẹ́ mọ iye tó jẹ́ ní owó sefà. Awakọ̀ tírélà tó wá gbé símẹ́ǹtì ní ilé-iṣẹ́ Dangote, tí wọ́n ṣí ní Ìbèsè ní ọdún 2012, lè má gbọ́ Yorùbá rárá. Àmì àti nọ́ńbà ni yóò máa wò. Gbogbo ẹ̀kọ́ yìí wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, láàárín ìlú kan ṣoṣo. A fi í sílẹ̀, a lọ ń fi dọ́là ra ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Ẹ̀yin tó ń lo WhatsApp, mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: gbogbo ènìyàn ló ní i. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ẹni tó gbà á sórí fóònù rẹ̀, ẹ kò mọ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti tún àṣìṣe ṣe ní ẹ̀dà kẹrin, ìyá onígàrí ṣì ń bá ẹ̀dà kejì jà. Fáìlì tí a fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ru ohun tí oríṣiríṣi fóònù nílò pọ̀ mọ́ra, nígbà tí Play Store ń gé e, tí ó ń fún fóònù kọ̀ọ̀kan ní kìkì ohun tó bá a mu. Dátà ta ni ẹ ń jẹ? Èyí tó le jù ni pé bí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi fọwọ́ sí fáìlì náà bá yàtọ̀ sí ti Play Store, ẹ̀dà tuntun kò ní lè jókòó lé ti àtijọ́. Ìyá náà gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò kí ó tó gba tuntun, gbogbo àkọsílẹ̀ tó ti ṣe sínú rẹ̀ á sì bá a lọ. Ní ìlú tí oníjìbìtì ti ń fi líǹkì kó owó ènìyàn nínú báǹkì, ṣé àwa náà ni yóò tún máa kọ́ àwọn ìyá wa pé kí wọ́n máa gba fáìlì tí wọn kò mọ orísun rẹ̀?

Ti iPhone kò gùn. TestFlight dára, ó gba olùdánwò tó 10,000 láti òde, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan a sì máa lo ọjọ́ 90. Ṣùgbọ́n dọ́là 99 ni Apple ń gbà lọ́dọọdún, Google ń gba 25 lẹ́ẹ̀kan péré, a sì mọ ohun tí náírà ti fojú rí láti oṣù kẹfà ọdún 2023. Ẹ wo ọwọ́ àwọn tó ń ná ọjà: Tecno, itel, Infinix. Bí áàpù rẹ bá wà fún àwọn ọmọ Yewa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, máa bá TestFlight lọ. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ta lò ń ṣe fọ́rífọ́rí fún?

Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó ló yan ọ̀nà. Kí oníáàpù kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdánwò abẹ́lé ti Play Store, tó gba ènìyàn 100, tí áàpù sì lè dé ọwọ́ wọn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè tí kò gbà, èyí sì dára fún àwa ará ẹnubodè. Ẹni tí kò tíì ní dọ́là 25 lè lo Firebase App Distribution lọ́fẹ̀ẹ́. Ímeèlì ni a fi ń pe olùdánwò, a sì ń rí ẹni tó gbà á àti ẹni tí kò gbà á. Ṣùgbọ́n kí ó fi ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ pa mọ́ sílé. Àwọn tó gbára lé App Center ti Microsoft rí i bí wọ́n ṣe ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ 31, oṣù kẹta, ọdún 2025. Lẹ́yìn náà, kí ó kó ènìyàn 15 tàbí 16 jọ fún ọjọ́ 14 náà, nítorí ẹnì kan á sọ fóònù nù, ẹnì kan á bínú kúrò. Kí ó bá wọn lọ sí ọjà. Níbi tí wọ́n bá ń ná ọjà ọlọ́rọọrún, ọjọ́ 14 kò lè kọjá kí a má ná an tó ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Federal Polytechnic Ìlaròó ti wà láti ọdún 1979. Kí ló dé tí kò fi ní ṣí àkáǹtì tó jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa gba ibẹ̀ gbé iṣẹ́ wọn jáde, níwọ̀n bí òfin olùdánwò 12 kò ti mú irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀? Àwọn kan á ní bí áàpù ọmọ kan bá rú òfin, Google lè ti àkáǹtì gbogbo wọn pa. Wọ́n sọ òótọ́. Nítorí náà ni olùkọ́ yóò ṣe jókòó yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé, àwọn wo ló dán an wò, níbo ni wọ́n ń gbé, kí ni wọ́n bá wí nínú rẹ̀? Àkókò kò sì dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 Google kéde pé áàpù ẹni tí a kò bá mọ orúkọ rẹ̀ kò ní máa wọ orí fóònù Android wọ́ọ́rọ́wọ́ mọ́: Brazil, Indonesia, Singapore àti Thailand ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2026, ìyókù ayé yóò sì tẹ̀ lé e láti ọdún 2027. Wọ́n ní àwọn yóò fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Kí àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ wa bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ náà nísinsìnyí, kí ó tó di pé àwọn oníṣòwò olùdánwò tún rí ọjà tuntun tà fún àwọn ọmọ wa.