Ọ̀rọ̀ Olóòtú: Ojú Tí Ọlọ́hun Dá fún Ọ Ni Kí O Fi Wáṣẹ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ènìyàn, tí Ó sì fún oníkálukú ní ojú tirẹ̀ láti inú oyún bí Ó ti fẹ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú òdodo.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ lójú wa tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún yín. Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí a parí ẹ̀kọ́, arábìnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ mú fóònù rẹ̀ tọ̀ wá wá. Iṣẹ́ ni ó ń wá. Wọ́n ti sọ fún un pé kí agbanisíṣẹ́ tó pe ènìyàn, yóò kọ́kọ́ wo ojú-ewé rẹ̀ lórí LinkedIn, àti pé ẹni tí kò bá ní fọ́tò tí ó bójú mu níbẹ̀, ó dàbí ẹni tí kò sí. Kò ní owó tí yóò gbé lọ sí ilé onífọ́tò ńlá, kò sì ní aṣọ ọ́fíìsì. Ó bá kó fọ́tò 12 tí ó fi fóònù ya ara rẹ̀ fún ẹ̀rọ olóye àtọwọ́dá tí gbogbo ayé ń pè ní AI. Ó san owó díẹ̀, kò sì pẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi dá fọ́tò 40 padà fún un. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Àáfà, èwo ni kí n lò nínú wọn?"

A wò wọ́n títí. Obìnrin inú fọ́tò náà wọ kóòtù olówó iyebíye, ó sì jókòó bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ pupa ju ti arábìnrin wa lọ. Àpá kékeré tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ìgbà èwe ti pòórá. Èyí tí ó burú jù ni pé, nínú púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò náà, híjáàbù rẹ̀ ti di ìborùn tí a kàn sọ kọ́ èjìká, irun sì yọ síta. Irun ta ni? Ẹ̀rọ náà kò rí irun rẹ̀ rí, nítorí kò sí ọ̀kan nínú fọ́tò 12 náà tí ó ti ṣí orí sílẹ̀. Irun àdábọwọ́ ni ẹ̀rọ náà hù sí i lórí. A bi í pé, "Ọmọ ta nìyí?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹnu lásán ni.

Àwọn àgbà sì ní agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà, àwa pàápàá gbé fọ́tò tiwa fún ẹ̀rọ náà kí a má baà sọ ohun tí a kò mọ̀. Ẹ gbọ́ bí ó ti ṣe wá. Ó bọ́ fìlà lórí wa, ó sọ agbádá di kóòtù pẹ̀lú táì, ó gé irùngbọ̀n wa kù. Àmì ìforíkanlẹ̀ tí ó wà níwájú orí wa, àmì tí ọ̀pọ̀ ọdún ìrun kíkí fi síbẹ̀, ẹ̀rọ náà nù ún kúrò bí ẹni ń nu àbàwọ́n lára aṣọ. Ìyàwó wa wo fọ́tò náà, ó ní, "Ẹ kú àlejò o."

Kí ni ó fà á? Kò yẹ kí a máa rò pé ẹ̀rọ náà kórìíra ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ yìí kì í ya fọ́tò bí kámẹ́rà ti ń ya á. Wọ́n ti fi àìmọye àwòrán tí wọ́n kó jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ọ, láti inú wọn ni ó ti mọ irú ojú àti irú aṣọ tí ó sábà máa ń bá ọ̀rọ̀ kan rìn. Bí ẹ bá wá ní kí ó ṣe yín bí òṣìṣẹ́ pàtàkì, yóò fi ojú dá irú ẹni tí àwọn àwòrán wọ̀nyẹn ń pè ní òṣìṣẹ́ pàtàkì, yóò sì fà yín sún mọ́ ọn. Ohun tí a bá kọ́ ọmọ ni ọmọ ń mọ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ní ọdún 2023, ọ̀dọ́bìnrin kan ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó kàwé ní MIT tí ìran rẹ̀ sì wá láti ilẹ̀ Éṣíà, ní kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tún fọ́tò òun ṣe kí ó lè yẹ fún LinkedIn. Òyìnbó aláwọ̀ funfun tí ẹyinjú rẹ̀ jẹ́ búlúù ni ẹ̀rọ náà sọ ọ́ dà. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 2018, Joy Buolamwini, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Gánà, àti Timnit Gebru, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Etiópíà, ti ṣe ìwádìí lórí àwọn ẹ̀rọ mẹ́ta tí ń wo ojú láti mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Lórí àwọn ọkùnrin tí awọ ara wọn funfun, àṣìṣe àwọn ẹ̀rọ náà kò ju 0.8 nínú 100 lọ. Lórí àwọn obìnrin tí awọ ara wọn dúdú, ọ̀kan nínú wọn ṣe àṣìṣe tí ó tó 34.7 nínú 100. Ẹ̀rọ tí kò mọ̀ wá dáadáa ni a wá ní kí ó fi wá han ayé!

Ẹnì kan lè bi wá pé, ṣé háráámù ni? Gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn onímímọ̀ kò ṣọ̀kan lórí fọ́tò, àti pé púpọ̀ nínú wọn gbà á láàyè níbi tí bùkátà bá wà, bí ìwé ìrìnnà àti ìwé ìdánimọ̀. A kò fẹ́ tún ìjiyàn náà dá sílẹ̀ lónìí. A kò sì sọ pé ẹni tí ó bá tan ìmọ́lẹ̀ sí fọ́tò rẹ̀, tàbí tí ó mú pàǹtírí ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, ti dẹ́ṣẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni ẹ̀tàn.

Ẹ rántí ìtàn tí Ìmáàmù Muslim gbà wá, nípa ọjọ́ tí Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì oúnjẹ tí ọkùnrin kan ń tà. Òkè rẹ̀ gbẹ, ó dára lójú. Ànábì ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ibi tí ó tutù. Olówò náà ní òjò ni ó pa á. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun bi í léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tí ó tutù sókè kí àwọn olùrajà lè rí i, ó sì jẹ́ kí ó yé e pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ ènìyàn jẹ ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára wa. Ẹ kíyè sí i: ọkùnrin yẹn kò purọ́ lẹ́nu. Ohun tí ó kó sí òkè ni ó purọ́ fún un.

Fọ́tò ojú-ewé wa ni òkè òkìtì náà. Ẹ̀rí ni, bí ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ wa ti jẹ́ ẹ̀rí. Agbanisíṣẹ́ tí ó rí i yóò pè wá lọ́jọ́ kan. Bí ẹni tí ó wọlé kò bá jọ ẹni tí ó rí, kí ni yóò rò nípa ìyókù ohun tí a kọ? Ní orílẹ̀-èdè tí àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ba orúkọ ọ̀dọ́ jẹ́ kárí ayé, ṣé ó yẹ kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tún fi ojú tí kì í ṣe tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ jẹ́ kí a rán yín létí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, wọ́n dá Firdaus Amasa, tí ó kàwé òfin ní Yunifásítì Ìlọrin, dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fẹ́ gbà á wọ ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò, nítorí pé kò gbà láti bọ́ híjáàbù rẹ̀. Ó padà sílé. Ní oṣù keje ọdún 2018, ó wọlé pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀ lórí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí ní ilé-ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní ẹ̀tọ́ láti lo híjáàbù. Ohun tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún, ṣé ẹ̀rọ ni a ó wá sanwó fún kí ó bá wa bọ́ ọ kúrò ní ìṣẹ́jú mélòó kan?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò. Fọ́tò tí a gbé fún wọn, ọwọ́ ta ni ó wà? Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ka àmì ara tí a fi ń dá ènìyàn mọ̀ sí ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ gidigidi, ó sì fún wa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí wọ́n pa ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa rẹ́. Ẹni tí ó bá ti gbé tirẹ̀ lọ, kí ó béèrè. A lè yí nọ́ńbà fóònù padà, ṣùgbọ́n ta ni yóò pààrọ̀ ojú?

A kò fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí bú àwọn ọ̀dọ́. Àìní ni ó gbé arábìnrin wa débẹ̀, ẹ̀bi náà sì kan àwa àgbà. Ní ọjọ́ Àìkú náà gan-an, a ní kí ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé láìsí oòrùn líle, kí ògiri funfun wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún híjáàbù rẹ̀ ṣe. Arábìnrin mìíràn gbé fóònù dé ọ̀gangan ojú rẹ̀, ó sì ya á bí ìgbà mẹ́wàá títí ọ̀kan fi dára. Kò ná wa ní kọ́bọ̀. Fọ́tò náà ni ó wà lójú-ewé rẹ̀ báyìí, àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Kò tíì rí iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pè é yóò mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá wọlé.

Nítorí náà, a ń rọ gbogbo ẹ̀ka wa pé kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti ya fọ́tò àwọn tí ń wáṣẹ́ láàárín wa lọ́fẹ̀ẹ́. Kí arábìnrin ya arábìnrin, kí arákùnrin ya arákùnrin. Kí ẹni tí ó ní kóòtù tàbí káfítàánì tí ó mọ́ yá ẹni tí kò ní. Kí àwọn tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ bá wọn ka ohun tí wọ́n kọ, kí wọ́n sì tún un ṣe. Ìrànlọ́wọ́ lórí ohun rere nìyẹn, àwa gan-an ni ó sì tọ́ sí láti ṣe é.

Kí Ọlọ́hun pèsè iṣẹ́ hàláálì fún àwọn tí ń wá a. Kí Ó má jẹ́ kí a tijú ojú tí Ó dá fún wa, kí Ó sì jẹ́ kí inú wa dára ju òde wa lọ. Àmín.