Wọ́n ní ọkọ tó kú ló ń pe fúláwà ẹ̀, àṣé omi píọ̀ wọ́tà ló ń pa á!

Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ló gba gbogbo wa lọ́kàn, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká fi ti àwọn olóṣèlú sílẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ fúláwà inú ìkòkò ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o! Ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Bẹ́ ẹ bá dé Dùgbẹ̀, tẹ́ ẹ wọ àwọn ọ́fíìsì tó yí Ilé Kòkó ká, ilé àwòṣífìlà tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1965 yẹn, ẹ ò ní í pẹ́ rí ohun tí mò ń wí. Ìkòkò kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ewé mẹ́rin péré ló máa kù lórí fúláwà inú ẹ̀. Mẹ́ta á ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìkẹrin á máa rò ó bóyá kóun náà máa lọ. Ẹni tó bá ti ń kọjá á ní, "Ẹ fún un lómi jàre, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́." Ẹ̀yin èèyàn mi, gbólóhùn yẹn gan-an ló ń pa wọ́n.

Obìnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Dùgbẹ̀ yẹn. Mi ò ní í dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní í dárúkọ ọ́fíìsì wọn. Ọkọ ẹ̀ ti di olóògbé. Nígbà tí ọkùnrin náà wà láyé, ó gbin pèrègún kan sínú ike ọ̀dà, ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí wọ́n rẹ́ǹtì ní Challenge, àràárọ̀ ló sì máa ń fi àkísà nu ewé ẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé, àwọn ẹbí wá, wọ́n kó tẹlifíṣọ̀n, wọ́n kó àga, wọ́n kó jẹnẹrétọ̀. Kò sẹ́ni tó wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí pèrègún wà. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù fún ìyàwó.

Owó ilé wá wọ obìnrin náà lọ́rùn, ó kó lọ sí yàrá kan ṣoṣo tí kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ló bá gbé pèrègún ọkọ ẹ̀ wá sí ọ́fíìsì. Torí kó lè bójú mu níwájú àwọn ọ̀gá, ó ra ìkòkò aláràbarà kan tó ń dán gbinrin, ó tú pèrègún kúrò nínú ike ọ̀dà, ó gbìn ín síbẹ̀, ó gbé e sí kọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ẹ̀.

Oṣù méjì àkọ́kọ́, kò sí wàhálà. Nígbà tó di oṣù kẹta, ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, wọ́n ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ mọ ẹnu èèyàn! Ẹnì kan ní pèrègún ò kí ń ṣe igi inú ọ́fíìsì, igi òrìṣà ni. Ẹlòmíì ní kí wọ́n jẹ́ kóun da òróró àdúrà sí i. Àwọn kan wá ń sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ pé ọkọ tó kú ló ń pe nǹkan ẹ̀, pé bí pèrègún bá lọ tán, ó lè kan ẹni tó gbé e wá. Ọ̀rọ̀ yìí dé etí obìnrin náà. Ó sọ fún mi pé oorun kì í kun òun mọ́ lóru, pé òun ti ń wò ó pé bóyá ọkọ òun ń bínú pé òun kó kúrò nílé tí àwọn jọ gbé. Ọ̀gá wọn náà ti pàṣẹ pé bí oṣù bá ti parí, kí wọ́n gbé òkú igi yẹn jù sí ààtàn.

Ìròyìn mìíràn ló gbé mi dé ọ́fíìsì náà, tí mo fi gbọ́ èyí. Mo mọ bàbá àgbàlagbà kan tó ń ta fúláwà létí títì ní apá Jericho. A gbé ìkòkò náà sẹ́yìn Micra, ó di ọ̀dọ̀ bàbá.

Bàbá ò tiẹ̀ wo ewé. Ìka ló kọ́kọ́ kì bọ inú iyẹ̀pẹ̀, ó wọlé dé oríkèé kejì. Ó fà á yọ, ó gbóòórùn ẹ̀, ó yínmú. Ó gbé ìkòkò lọ́wọ́ méjèèjì, ó mì ín, a sì ń gbọ́ omi tó ń ró nísàlẹ̀. Ó dojú ẹ̀ délẹ̀, ó wo ìdí ẹ̀. Kò sí ihò kankan níbẹ̀.

"Ta ló ń bomi rin ín?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀."

"Ìwọ nìkan?"

Obìnrin náà dákẹ́, ó ń ro ó. Ìgbà yẹn ló rántí. Bí wọ́n bá mu píọ̀ wọ́tà nínú ọ́fíìsì wọn, tó ku díẹ̀ nínú ọ̀rá, inú ìkòkò pèrègún ni wọ́n máa ń da ìyókù sí, kálukú ń rò pé òun ń ṣàánú. Àwọn mẹ́jọ ni wọ́n wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ náà ń da omi tó fi ṣan kọ́ọ̀bù sí i.

Bàbá mi orí. "Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó ń pè é o. Ẹ̀yin lẹ rì í sómi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ lọ́pọ̀ wa ti ń ṣì í mú. Gbòǹgbò igi máa ń mí, bí èmi àtiyín ṣe ń mí. Àyè kéékèèké wà láàárín iyẹ̀pẹ̀, ibẹ̀ ni omi àti afẹ́fẹ́ jọ ń gbé. Bí omi bá kún gbogbo àyè náà, tí kò ríbi jáde, afẹ́fẹ́ á tán níbẹ̀. Gbòǹgbò ò ní í rí èémí mí mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Gbòǹgbò tó ti jẹrà ò sì lè fa omi mọ́. Bó ṣe di pé ẹsẹ̀ igi wà nínú omi nìyẹn, tí òùngbẹ ń pa orí ẹ̀. Ewé á rọ, á pọ́n, ẹni tó rí i á ní òùngbẹ ni, á tún da omi sí i. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé àṣejù baba àṣetẹ́.

Ohun kejì ni ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni igi fi ń se oúnjẹ ẹ̀. Nígbà tí pèrègún yìí wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Challenge, ó ń rí ojú ọjọ́, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, ó ń mu omi dáadáa. Nígbà tó dé kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì, iṣẹ́ ẹ̀ dín kù, omi tó ń mu náà dín kù. Ife omi kan tó bá a lára mu níta, ó ti pọ̀ jù fún un nínú ilé. Ẹ wá fi ìyókù píọ̀ wọ́tà èèyàn mẹ́jọ kún un!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí bàbá ṣe, kẹ́ni tó ní irú ẹ̀ nílé lè ṣe é. Ó tú igi náà jáde, ó fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò. Gbòǹgbò pèrègún tó bá dáa máa ń le, àwọ̀ ẹ̀ máa ń pọ́n bí ọsàn. Èyí tó ti jẹrà máa ń dúdú, á rọ̀ pọ̀jọ̀pọ̀jọ̀, òórùn ẹ̀ á dà bíi ti fùfú tó ti kan jù. Ó fi sípíríìtì nu ọ̀bẹ, ó gé gbogbo dúdú dànù. Mẹ́ta péré ló kù tó le.

Lẹ́yìn náà ló gé orí igi náà tòun ti ewé tó ṣẹ́ kù lórí ẹ̀, ó tó ìka ọwọ́ kan ní gígùn, ó kì í bọ inú yanrìn tútù nínú ike kékeré. Obìnrin yẹn pariwo, "Háà, Bàbá, ẹ ti pa á!" Bàbá ní, "Fara balẹ̀. Bí ìyá ò bá là á, ọmọ á là á." Ìdí kùkùté tó kù ló wá gbìn sínú ìkòkò amọ̀ tó ní ihò. Ìkòkò yẹn ò tóbi, ó kàn fi díẹ̀ ju gbòǹgbò lọ ni, torí iyẹ̀pẹ̀ tó bá pọ̀ jù gbòǹgbò lọ, omi ló máa ń gbà pamọ́. Ó fi àpáàdì kan bo ihò kí iyẹ̀pẹ̀ má baà máa ṣàn jáde. Iyẹ̀pẹ̀ dúdú láti ààtàn tó ti pẹ́, ìwọ̀n méjì, àti yanrìn odò, ìwọ̀n kan, ló pò pọ̀. Kò fi ìgbẹ́ adìẹ sí i, kò fi ajílẹ̀ sí i. Ó ní ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò, àti pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn, ẹ̀kọ mímu là ń fún un, a kì í gbé iyán ka iwájú ẹ̀. Ó bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan títí omi fi jáde nísàlẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí oòrùn ọ̀sán má pa á, kí wọ́n má sì fún un lómi mọ́ àyàfi tí ìka bá wọlé dé oríkèé kejì tó sì bá iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ.

Kí wọ́n tó máa lọ, bàbá bèèrè ohun tí pèrègún wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Obìnrin náà ní ike ọ̀dà ni, pé ọkọ òun ló fi ìṣó gbígbóná lu ìdí ẹ̀ ní ihò márùn-ún. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọkọ ẹ mọṣẹ́ o. Ẹni tó lu ihò márùn-ún, tó tún ń nu ewé láràárọ̀, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á fẹ́ kó kú?" Obìnrin náà bú sẹ́kún níbẹ̀. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ewé méjì tún já lára èyí tí wọ́n kì bọ yanrìn, obìnrin náà pè mí lórí fóònù, ọkàn ẹ̀ ti fò. Bàbá ní ewé àtijọ́ ni, kò níṣòro. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, nǹkan aláwọ̀ ewé kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté. Ìkejì tẹ̀ lé e. Èyí tó wà nínú yanrìn náà ta gbòǹgbò. Ní báyìí, pèrègún méjì ló wà ní ọ́fíìsì wọn, lójú fèrèsé, ìwé pélébé kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi síbí." Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ òkú ọkọ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gé tiwọn fún wọn.

Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu pé pèrègún là á já. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé bí a bá gé igi ẹ̀ gún mọ́lẹ̀, á hù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbìn ín sí ààlà ilẹ̀ àti ojúbọ. Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ará Sweden, ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1762, Dracaena fragrans sì ni àwọn onímọ̀ ń pè é lónìí. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, owó gidi ni wọ́n fi ń rà á sí báńkì àti òtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀já ìkookò tí ewé ẹ̀ rí ṣóńṣó bí idà náà, láti ọdún 2017 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti kà á mọ́ ìdílé pèrègún. Abẹ́ igi ńlá nínú igbó ni pèrègún ti wá, ìdí tó fi lè fara da ilé tí oòrùn kì í wọ̀ nìyẹn. Àmọ́ kì í ṣe ọmọ àbàtà.

Báwo la ṣe máa mọ òùngbẹ yàtọ̀ sí àpọ̀jù omi? Bó bá jẹ́ òùngbẹ, ìkòkò á fúyẹ́, iyẹ̀pẹ̀ á sún kúrò létí ìkòkò, ewé á gbẹ pákápáká. Bó bá jẹ́ omi, ìkòkò á wúwo, ewé ìsàlẹ̀ á kọ́kọ́ pọ́n, ìdí igi á rọ̀. Bó bá jẹ́ ẹnu ewé nìkan ló gbẹ lásìkò ọyẹ́, tàbí lábẹ́ ẹ́síì, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló sábà máa ń fà á, ẹ kàn gbé e kúrò níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun bí òwú nídìí ewé, kòkòrò ni, ẹ fi àkísà àti omi ọṣẹ nù ún. Ẹ má sì fi ọjọ́ inú kàlẹ́ńdà bomi rin ín, torí omi tó máa ń gbà lóṣù kẹfà kọ́ ló máa ń gbà lóṣù kìíní. Ìka yín ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ jù báyìí lọ, àwọn tó ń ṣèwádìí lórí èso, ẹ̀fọ́ àti òdòdó, ìyẹn NIHORT tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1975, Ìdí-Ìṣin ní Jericho níbí ni wọ́n wà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, nǹkan tó bá ń kú lọ lójú wa, ó máa ń yá wa lára láti wá ẹni tó ń pa á. A ó fura sí òkú, a ó fura sí ìyàwó, a ò ní í gbé ìkòkò sókè ká wo ìdí ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ wo ìdí ti yín. Bí kò bá níhò, ẹ lu ú. Bẹ́ ẹ bá sì ń mu píọ̀ wọ́tà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu ún tán.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.