Ẹ Dijú Kí Ẹ Tó Fi Etí Yangàn

Iyàn kì í wọ́n ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ẹ gbé bẹ́ǹṣì síwájú ilé, ẹ tan orin Yusuf Ọlátúnjí, kí ẹ sì dákẹ́: iyàn á wá bá yín níbẹ̀. Èyí tó ń lọ lọ́wọ́ báyìí ni ti FLAC àti MP3. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ń bá èèyàn kó orin sákárà àti àpàlà àtijọ́ sínú fíláàṣì. Owó kékeré ni ti MP3. Ti FLAC jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Wọ́n ní ẹni tí etí rẹ̀ bá pé á gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀ kíá. Ta ló wá fẹ́ kí wọ́n pe òun ní aláìmọ-orin? Bí àwọn bàbá wa ṣe ń sanwó nìyẹn.

Èmi tí mò ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun, mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mi ò pe ẹ̀gbọ́n ní onírọ́ o. Ojú wọn ló ń bá etí wọn gbọ́ràn.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń jà lé lórí ná. Síídì ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣirò fi hàn pé ìyẹn tó láti mú gbogbo ohùn tí kò ga tó 22,050 Hz, bẹ́ẹ̀ etí ọ̀dọ́ pàápàá kì í gbọ́ ju nǹkan bíi 20,000 lọ. Ti àgbàlagbà kì í débẹ̀. FLAC kàn ń ká ohùn náà bí ẹni ká aṣọ sínú àpótí ni: tí ẹ bá tú u, òwú kan ò sọnù. MP3, tí àwọn onímọ̀ Fraunhofer ní Jámánì wà lára àwọn tó ṣe é, ń yọ nǹkan dànù ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń kọ́kọ́ wá láti yọ ni ohùn kékeré tí ohùn ńlá ti bò mọ́lẹ̀. Nígbà tí gángan bá ń ké létí yín, ta ló ń gbọ́ ẹni tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn ilé?

Gbogbo MP3 kọ́ ló dọ́gba o. Tí wọ́n bá fún un pọ̀ jù, bíi ti 64, á máa dún bí ẹni ń kọrin nínú kòtò. Ti 320 ni mò ń sọ.

"Ṣùgbọ́n etí mi ni mo fi gbọ́ ọ!" Ṣebí ẹ ti rí orúkọ rẹ̀, ẹ sì ti mọ iye tó jẹ́, kó tó dún? Tí ọ̀kan bá sì fi díẹ̀ ròkè ju èkejì lọ, etí á ní òun ló dáa jù.

Àyẹ̀wò tó tán iyàn yìí wà láti 1950, ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà. ABX ni wọ́n ń pè é. Ẹ mú FLAC kan, kí ẹ fúnra yín fi òun gan-an ṣe MP3. Ẹ má mú ti ibòmíì, torí ó lè jẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù mìíràn ni wọ́n ti dà á kọ. Ẹ jẹ́ kí ohùn méjèèjì dọ́gba. Kọ̀ǹpútà á wá fi ọ̀kan pamọ́ fún yín: èwo nìyí? Ìgbà 16 ni kí ẹ ṣe é, ẹ má sì dúró lágbedeméjì torí pé ẹ ń borí. Ẹni tó ń méfò á gba nǹkan bíi 8. Kí àméfò gba 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò tó ìgbà mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún.

A ṣe é níwájú ilé. Èmi gba 9, ẹ̀gbọ́n gba 7. Wọ́n ní ariwo jẹnẹrétọ̀ ló fà á. A pa jẹnẹrétọ̀, a fi íápíìsì sí wọn létí: 8. Mo wá fi MP3 64 dán wọn wò: 16 nínú 16! Etí wọn ò níṣòro, àyẹ̀wò náà ò níṣòro. Ìyàtọ̀ tí wọ́n ń tà ni wọn ò rí fi hàn wá.

Ẹnìkan á ní, "Kí ló kàn ọ́? Jẹ́ kí wọ́n jayé orí wọn." Ó kàn mí jàre. Ní 1936, Túndé King, ọmọ Èkó, kọrin sínú rẹ́kọ́ọ̀dù fún Parlophone; díẹ̀ ló kù lónìí nínú iṣẹ́ rẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn bàbá wa ń fọ́, eruku ń jẹ wọ́n lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ibẹ̀ ló yẹ kówó lọ: ká fọ̀ wọ́n dáadáa, ká lo abẹ́rẹ́ tó bá wọn mu torí ti 78 yàtọ̀ sí ti eléèpù, ká yí wọn ní ìwọ̀n eré tó tọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ká tọ́jú wọn sínú FLAC, torí MP3 tí wọ́n bá tún fún ṣe MP3 á máa dínkù sí i ni. Mi ò bá FLAC jà: àpótí ni, kì í ṣe oògùn etí. Ẹni tó fi MP3 játijàti ṣe FLAC, aṣọ tó ti ya ló ká sínú àpótí ńlá.

Ẹni tó bá ní mò ń ṣàròyé, kó máa bọ̀. Bẹ́ǹṣì wà níwájú ilé. Tó bá gba 12 nínú 16, tó sì tún un gbà lọ́jọ́ kejì, màá ra FLAC ní iye tó bá pè é, màá sì fi àròkọ míì tọrọ àforíjì. Àmọ́ kó dijú o.