Ẹṣin Nìkan Kọ́ Ni Ọ̀yọ́

Ní ṣọ́ọ̀bù géèmù tí a ti máa ń ṣeré ní Ìkọ̀tún, àríyànjiyàn kan kì í tán: bí wọ́n bá gbé Age of Empires mìíràn jáde, ṣé Yorùbá á wà níbẹ̀? Ẹnì kan á ní ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ lòun fẹ́, ẹlòmíràn á ní ọfà olóró.

Inú bí èmi náà. Nínú The African Royals tó jáde ní 2021, Haúsá àti Etiópíà lèèyàn lè fi ṣeré. Yorùbá kàn jẹ́ ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ lọ́wẹ̀ ogun ni.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń tọrọ ti kéré jù. Ta ni kò ní ẹṣin? Ọ̀yọ́ Mèsì ni kí ẹ bèèrè, ìjòyè méje tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn. Bí Aláàfin bá ṣàṣejù, wọ́n á kọ̀ ọ́, á sì ṣígbá wò. Baṣọ̀run Gáà lo agbára yìí nílòkulò títí Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Géèmù wo ló tún dùn jùyẹn lọ? Bí ẹni tó mú pádì bá ń pàṣẹ tí ẹnikẹ́ni ò lè bi í, ọba Faransé ni wọ́n wọ agbádá fún, kì í ṣe Aláàfin.

Àwa náà ńkọ́? Mo bèèrè orúkọ ìjòyè méje náà ní ṣọ́ọ̀bù. Baṣọ̀run nìkan la mọ̀, tèmi tìyín. Ẹni tí kò mọ yàrá ilé bàbá rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ júwe rẹ̀ fún àlejò?